Àkàìtán, Akọ̀wé Ilé Ìwòsàn Ojú

Àwa tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ojú la sọ ọ́ ní Àkàìtán, kò sì sẹ́ni tó bínú sí orúkọ náà àfi òun fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ gbogbo ohun tí ilé ìwòsàn fẹ́ káwọn èèyàn mọ̀ sórí ìkànnì wa lórí ayélujára: ọjọ́ tí dókítà wà, ohun tí aláìsàn máa mú dání, ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe kó tó wá. Iṣẹ́ tí kò yẹ kó le ni, téèyàn bá lè sọ̀rọ̀ ní ṣókí. Àmọ́ ṣókí ni ohun tí Àkàìtán kórìíra jù láyé, lẹ́yìn ẹ̀fọn.

Èmi ni mo ń jókòó sójú fèrèsé táwọn aláìsàn ti ń gba káàdì. Ẹni tó bá ka ohun tó kọ tí kò yé e, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Ẹni tí kíkà rẹ̀ bá sú, ọ̀dọ̀ mi náà ló ń bọ̀. Nítorí náà, kẹ́nikẹ́ni má bi mí pé kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà ní yàrá òkè. Ó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Ọmọ akọ̀wé kóòtù ni. Nígbà ayé bàbá rẹ̀, bébà ọ́fíìsì ṣọ̀wọ́n, wọ́n sì máa ń bú akọ̀wé tó bá lò ó nílòkulò. Bàbá náà wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé láti etí bébà kan dé etí kejì, tí kò bá sì sáyè mọ́, á dá bébà náà dùbúlẹ̀, á tún kọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó kọ́ ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tọ́mọ bá fi ìlà kan sílẹ̀ láìkọ nǹkan sí i, rúlà á sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Èmi ò bá bàbá wí. Bébà ń tán, owó ọba sì ni. Ṣùgbọ́n ojú ìwé orí ayélujára kì í tán. Èèyàn lè fi àyè tó tó pápá bọ́ọ̀lù sílẹ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa lọ ra bébà míì. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un lọ́jọ́ kan. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ṣubú nídìí ẹ̀kọ́.

Ó ní, “Àǹtí, àyè tó ṣófo lójú ìwé, orí tó ṣófo ló ń fi hàn.”

Mo ní, “Ẹ ṣeun, ọ̀gá.” Kí lèèyàn tún fẹ́ sọ?

Ẹ bá mi wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́ náà. Yàrá rẹ̀ kò ju àyè tábìlì kan àti àga kan lọ, ó sì fi tìmùtìmù sórí àga náà torí pé ìjókòó rẹ̀ máa ń pẹ́. Tó bá fẹ́ kọ nǹkan, á ti ilẹ̀kùn, á so táì rẹ̀ le, á wá máa mí gúlegúle bí ẹni tó ń rọbí. Tó bá parí, á ṣílẹ̀kùn, á pe obìnrin tó ń gbálẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀, á kà á fún un látòkè délẹ̀. Obìnrin náà á fara ti ọ̀pá ìnulẹ̀ rẹ̀, á máa mi orí. Nígbà tí mo bi í pé kí ni wọ́n kà fún un, ó ní òun ò mọ̀ o, ṣùgbọ́n ó gùn dáadáa.

Ìwé tó kọ fáwọn tó fẹ́ wá ṣiṣẹ́ abẹ ojú ló wá burú jù. Látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ni. Kò sí àkọlé, kò síbi téèyàn ti lè mí. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó fi ilẹ̀ ilé ìwòsàn tọrẹ, ó gba ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe ọ̀gá níbẹ̀ kọjá, ó kí àwọn tó kun ilé. Èèyàn á máa fi àtàǹpàkò ti ojú fóònù sókè títí tí àtàǹpàkò á fi máa ro ó. Níbì kan láàárín ìkínni fún ẹni tó fún wa ní jẹnẹrétọ̀ àti àlàyé ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, ibẹ̀ ló fi í sí pé ẹni tí wọ́n bá máa kùn lóorun fún iṣẹ́ abẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ, kò gbọ́dọ̀ mu, láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ta ló sì ń kọ ọ́ fún? Àwọn tí kò ríran dáadáa ni. Ilé ìwòsàn ojú la wà. Ẹni tó ń fi ọwọ́ wá ojú ọ̀nà ni wọ́n ní kó wá ọ̀rọ̀ kan nínú igbó yẹn. Mo ti rí ìwà àìronú nídìí iṣẹ́ ìjọba àti ti aládàáni, mi ò tíì rí irú èyí.

Kápẹ́ńtà àgbàlagbà kan wá lọ́jọ́ kan, ó ti jẹun yó bámúbámú. Nọ́ọ̀sì ní kó máa lọ sílé, wọn ò lè ṣe é. Bàbá náà wá dúró sójú fèrèsé mi, inú rẹ̀ bàjẹ́, ó ní òun ka ìwé náà o.

Mo ní, “Ẹ kà á dé ìparí, bàbá?”

Ó ní, “Mo kà á débi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún wọn ní jẹnẹrétọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń dúpẹ́, ṣebí ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.”

Ẹ sọ fún mi, níbo ni bàbá yìí ti jẹ̀bi? Kò síbì kankan. Mo sọ ọ́ fún Métírọ̀n, òun ló ń darí gbogbo nọ́ọ̀sì, kò sì fẹ́ràn wàhálà. Ó pe ìpàdé. Àkàìtán wọlé pẹ̀lú táì, ó jókòó, ó ní àwọn èèyàn ìsinsìnyí ya ọ̀lẹ ni, wọ́n fẹ́ kí wọ́n bá àwọn jẹ ẹ́, káwọn máa gbé e mì. Mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, kó ṣáà pín in sí wẹ́wẹ́, kó fi ohun tó ṣe kókó ṣáájú, kó sì fi àyè sáàárín. Ó ní ìgbà wo lẹni tó ń ta káàdì di olùkọ́ èdè. Métírọ̀n ní ká má jà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ní kó lọ kọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń to ìwé orí ayélujára, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni. Inú mi dùn. Mo rò pé ìyà wa ti tán.

Kí ló kọ́ bọ̀? Ó kọ́ àwọ̀ bọ̀. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Nígbà tó fi ojú ìwé tuntun náà hàn wá, ṣe ni mo kọ́kọ́ rò pé fóònù mi ti bàjẹ́. Pupa wà níbẹ̀, àwọ̀ ewé wà níbẹ̀, yẹ́lò wà níbẹ̀. Ìràwọ̀ ń tàn yínrinyínrin. Òdòdó kan ń ṣí, ó ń pa dé. Lóòótọ́, ó ti gé ìpínrọ̀ gígùn yẹn, ṣùgbọ́n ó gé e bí ẹni gé aṣọ láìwọn ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan wà nínú àpótí tiẹ̀, èyí tó yẹ kó ṣáájú wà lẹ́yìn, gbogbo lẹ́tà sì rí gàdàgbàgadagba.

Mo ní, “Ọ̀gá, èwo ló ṣe pàtàkì jù níbí?”

Ó ní, “Gbogbo rẹ̀ ni.”

Mo ní, “Tí gbogbo wọn bá jọ ń pariwo, ta la máa gbọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìlara ń bá mi jà. Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn sì pàtẹ́wọ́ fún un níṣojú gbogbo wa. Ọ̀gá àgbà yẹn, tẹ́ ẹ bá fún un ní bàtà tí kò ba ẹsẹ̀ rẹ̀ mu ṣùgbọ́n tó ń dán, á wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Ó ní ojú ìwé náà ti jíire. Ó pàṣẹ pé kí àwa tá a wà lójú fèrèsé má ṣe máa fi ẹnu ṣàlàyé mọ́, pé ó ń mú kí ìlà gùn, ká máa ní kí gbogbo aláìsàn lọ ka ojú ìwé náà.

Ohun kan wà lójú ìwé yẹn tó ju gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn tó ń wá ṣe àyẹ̀wò ojú lásán, láìsí iṣẹ́ abẹ, máa ń dúró pẹ́ lórí ìlà, àwọn kan sì ti dákú rí nítorí ebi. Ìyẹn ni Àkàìtán fi kọ ọ́ pé ẹni tó bá ń bọ̀ fún àyẹ̀wò kó jẹun. Ó bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ó rí àwòrán ìdílé kan tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín nídìí tábìlì oúnjẹ, àwòrán náà wù ú, ló bá fi sí òkè pátápátá, ó sì fi lẹ́tà pupa tó tóbi jù lójú ìwé náà kọ ọ́ sára rẹ̀ pé: Ẹ JẸUN DÁADÁA KẸ́ Ẹ TÓ WÁ. Pé àwọn tó ń bọ̀ fún àyẹ̀wò nìkan ló ń bá wí, lẹ́tà wínníwínní abẹ́ àwòrán ló fi kọ ọ́. Ìkìlọ̀ àwọn tó máa ṣiṣẹ́ abẹ wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lẹ́tà funfun nínú àpótí yẹ́lò. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, kẹ́ ẹ fi funfun kọ̀wé sórí yẹ́lò, kẹ́ ẹ wá gbé e fún ẹni tójú ń dùn.

Aránṣọ ni ìyàwó Àkàìtán, obìnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn ìbéèrè. Ẹ̀wù iṣẹ́ tí gbogbo wa wọ̀ ní ilé ìwòsàn, òun ló rán an. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti ń ṣe bàìbàì láti bí ọdún mélòó kan, débi pé oníbàárà ló ń bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ti apá ọ̀tún ló le jù. Dókítà tó mọ irú iṣẹ́ abẹ yẹn dunjú kì í gbé ọ̀dọ̀ wa, ó máa ń wá látìgbàdégbà ni. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sọ fún un níṣojú ọkọ rẹ̀ pé ojú ọ̀tún yẹn ti ń le gbagidi, ẹ̀jẹ̀ àti omi inú rẹ̀ kò lọ déédéé mọ́, ìgbà yìí ni káwọn ṣe é.

Dókítà ní, “Tó bá di ìgbà míì tí mo máa wá, mi ò lè ṣèlérí fún yín lórí tọ̀tún yẹn. Ó lè ti kú.”

Gbogbo wa la mọ̀. Nígbà tó wá gba káàdì lọ́dọ̀ mi, mo fẹ́ sọ ọ́ fún un, àṣẹ ọ̀gá àgbà tàbí kò sí àṣẹ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní, “Mọ́mì, lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn,” ni ọkọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ látòkè, ó di apá ìyàwó rẹ̀ mú.

Ó ní, “Àǹtí, ẹ má wulẹ̀ dààmú. Ìyàwó ẹni tó kọ ọ́ ni. Èmi fúnra mi ni màá kà á fún un.”

Ó sì mú un lọ. Bó ṣe ń lọ, ó ń ṣàlàyé àwọ̀ fún un.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wọn láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ìyàwó náà ló sọ fún mi lẹ́yìn náà. Ó bi ọkọ rẹ̀ pé ṣé òun lè jẹun. Ọkọ mú fóònù. Òun náà ń fẹ́ awò kó tó ríwèé kà, ṣùgbọ́n awò náà wà ní yàrá, kò sì ráyè lọ mú un. Àwòrán ìdílé tó ń rẹ́rìn-ín ló kọ́kọ́ yọ, pẹ̀lú lẹ́tà pupa.

Ó ní, “Ẹ jẹun dáadáa kẹ́ ẹ tó wá. Ṣé o gbọ́? Mo kọ ọ́ gàdàgbà.”

Ìyàwó ní, “Dádì, mo rò pé àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ kì í jẹun.”

Ó ní, “Ta ló kọ ọ́, ìwọ ni àbí èmi?”

Ó bọ́ sí ilé ìdáná, ó dín ẹyin fúnra rẹ̀, ó po tíì, ó gé búrẹ́dì. Kì í ṣe ìkà èèyàn, ohun tó tiẹ̀ ń bí mi nínú jù nìyẹn. Ó dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán, ó ní kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù, pé ara máa nílò okun.

Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ti wọ aṣọ iṣẹ́ abẹ fún un kí nọ́ọ̀sì tó bi í ní ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi gbogbo èèyàn gbẹ̀yìn. Ó dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín pé òun jẹun, òun jẹun dáadáa, ọkọ òun ló se é. Nọ́ọ̀sì náà jáde wá pe dókítà. Dókítà ní òun kò lè kun ẹni tó ti jẹun lóorun, ó lè kú sọ́wọ́ òun, kí wọ́n mú ẹni tó kàn wọlé. Ó ní ọkọ̀ òun máa gbéra lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò sáyè pé kí wọ́n dúró de oúnjẹ kó dà.

Àkàìtán ní irọ́ ni, ojú ìwé ilé ìwòsàn ló ní kí wọ́n jẹun. Ó fa fóònù yọ níwájú gbogbo wa lọ́dẹ̀dẹ̀. Ó fi lẹ́tà pupa han dókítà. Dókítà wò ó, ó ní èyí kì í ṣe ti àwọn tó máa ṣiṣẹ́ abẹ, níbo ni tiwọn wà? Àkàìtán wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ó ti ojú fóònù sókè, ó tì í sísàlẹ̀. Òdòdó ń ṣí, ó ń pa dé. Ó fi awò sójú, ó bọ́ ọ, ó nù ún, ó fi sí i padà. Ó kọjá lórí àpótí yẹ́lò náà lẹ́ẹ̀mejì níṣojú mi, kò rí i. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú aṣọ iṣẹ́ abẹ, ó ń yí orí tẹ̀ lé ohùn wọn, torí ojú rẹ̀ kò gbé e dé ibi tí wọ́n dúró sí. Nígbà tó yá, dókítà wo aago, ó padà wọlé. Ẹni tó kàn ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu ọkùnrin yìí jáde ni pé ó yẹ kí ìyàwó òun ti béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi. Mo ti bú u nínú ọkàn mi láti ọdún tá a ti jọ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èébú ọjọ́ yẹn, ẹnu ni mo fi bú u. Métírọ̀n dúró níbẹ̀, kò ní ká má jà.

Ó gòkè lọ. Kò so táì le, kò ti ilẹ̀kùn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, òdòdó ti lọ, ìràwọ̀ ti lọ, ìdílé tó ń rẹ́rìn-ín ti dìde nídìí tábìlì. Ohun tó kù ò ju ìlà díẹ̀ lọ, lẹ́tà dúdú lórí funfun, àyè sì wà láàárín wọn. Àkọlé kan ní, “Tó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ lẹ wá ṣe.” Abẹ́ rẹ̀ ní, “Ẹ má jẹ, ẹ má mu, láti alẹ́ tó ṣáájú.” Àkọlé kejì ní, “Tó bá jẹ́ àyẹ̀wò nìkan.” Abẹ́ rẹ̀ ní, “Ẹ jẹun.” Látọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún jẹun yó wá síbi iṣẹ́ abẹ. Ọ̀gá àgbà ní ojú ìwé náà ti ṣá jù. Èmi ò yin Àkàìtán fún un o. Ohun tí rúlà bàbá rẹ̀ bà jẹ́, tí wọ́n rán an lọ sílé ẹ̀kọ́ tí kò gbọ́, ojú ìyàwó rẹ̀ ló fi kọ́ ọ.

Ọdún ti fẹ́ẹ̀ yí po kí dókítà tó padà wá. Ó tan iná sí ojú ọ̀tún, ó pa iná, ó ní kò sí ohun tóun lè ṣe sí i mọ́. Ó ṣiṣẹ́ abẹ fún ti òsì. Ìyẹn yọrí sí rere.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì rẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ gba ojú fèrèsé mi kọjá. Mo ní, “Mọ́mì, ẹ kú ewu.” Ó rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó yí orí díẹ̀ kó lè rí mi dáadáa. Ó wá ní kí ọkọ òun fún òun ní fóònù, òun fẹ́ fi ojú ara òun rí ojú ìwé tí wọ́n ń sọ. Ọkọ ṣí i fún un. Kò gbé e sún mọ́ ojú, kò wá nǹkan kan. Ó kà á sókè ketekete, látorí àkọlé àkọ́kọ́ dé ìlà tó gbẹ̀yìn, bí ọmọ ilé ìwé tó mọ̀wé.

Ó ní, “Ó dára. Báyìí ló yẹ kó ti rí, Dádì, nígbà tí ojú mi ṣì pé méjì.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó dá fóònù padà, ó sì bi mí níbi tí wọ́n ti ń gba oògùn. Mo nawọ́ sí i. Àkàìtán gbé àpò rẹ̀ dání, ó tẹ̀ lé e lẹ́yìn.